Adìẹ tó gbé abẹ́rẹ́ mì

Ó máa ń bí mi nínú tí mo bá ka ìròyìn pé Milky Way, gálákísì wa (agbo ìràwọ̀ ńlá tí oòrùn wa wà nínú rẹ̀), ń jẹ àwọn gálákísì kéékèèké tó yí i ká, tí wọ́n á sì dákẹ́ síbẹ̀, bíi pé èyí tí wọ́n ń jẹ kàn dùbúlẹ̀ jẹ́jẹ́ ni. Ṣebí àwọn àgbà ti ní bí abẹ́rẹ́ ṣe kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ.

Ẹ wo Sagittarius, ọ̀kan nínú àwọn gálákísì kéékèèké náà. Ọdún 1994 ni àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ Ibata, Gilmore àti Irwin ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, torí ẹ̀yìn àárín gálákísì wa ló sá pamọ́ sí. (Ẹ̀rín ibẹ̀ ni pé láti 1778 ni Messier, onímọ̀ ìràwọ̀ ará Faransé, ti kọ òṣùṣù ìràwọ̀ M54 sílẹ̀. Àárín Sagittarius gan-an ni, gbogbo ayé rò pé tiwa ni!) Lóòótọ́, agbára òòfà gálákísì wa ti fà á ya. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń kọjá, òun náà ń fà wá.

Lọ́dún 2018, onímọ̀ ìràwọ̀ Teresa Antoja àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ ìràwọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù 6 wò, èyí tí Gaia, ẹ̀rọ awo-ìràwọ̀ tó wà lójú òfúrufú, wọ̀n: báwo ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe jìnnà sókè tàbí sísàlẹ̀ gálákísì wa tó tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, báwo ló sì ṣe ń yára lọ tó. Àwòrán tó jáde lọ́ bí ìkarahun ìgbín. Ìràwọ̀ tó bá lọ sókè jìnnà máa ń pẹ́ kó tó padà ju èyí tó sún díẹ̀ lọ. Tí ẹsẹ̀ wọn ò bá ti dọ́gba mọ́, àwòrán náà á máa lọ́ ni. Nǹkan kan ló ti gbá gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà, láàárín mílíọ̀nù ọdún 300 sí 900 sẹ́yìn. Sagittarius ni wọ́n kọ́kọ́ nàka sí.

Èmi ò gbà pé òun nìkan ni. Large Magellanic Cloud, gálákísì kékeré mìíràn tó wà nítòsí wa, ńkọ́? Ìwọ̀n rẹ̀ lè tó ìdá kan nínú mẹ́wàá tiwa, kódà kó jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé ó lọ́wọ́ nínú bí etí gálákísì wa ṣe tẹ̀. (Ó máa ń yọ ní ìsàlẹ̀ gúúsù nílẹ̀ Yorùbá lóru oṣù Kejìlá àti Kìíní, bí ọyẹ́ bá gbà.)

Andromeda, gálákísì ńlá aládùúgbò wa tí wọ́n fi ń dẹ́rù bà wá pé yóò kọlù wá, ńkọ́? Ìwádìí kan lọ́dún 2025 ní kò dájú mọ́ pé yóò kọlù wá láàárín bílíọ̀nù ọdún 10 tó ń bọ̀. Lára ohun tó dín ewu náà kù ni Magellanic yìí kan náà.