Orúkọ Mẹ́fà Péré

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin tèmi. Mi ò tíì fẹnu kan tíì, inú ti ń bí mi. Aago méje kò tíì lù tí lẹ́tà kan fi wọlé sórí fóònù mi láti ọ́fíìsì tó ń fún wa lówó ìrànwọ́. Wọ́n ní ìwé tí àwọn tó wá sí ìpàdé wa kẹta buwọ́ lù kò dọ́gba: orúkọ mọ́kàndínlógún láti òdìkejì, orúkọ mẹ́fà péré láti ọ̀dọ̀ wa. Kí a jọ̀ọ́, kí a ṣàlàyé ìdí tí ẹgbẹ́ wa kò fi kópa dáadáa.

A ò kópa dáadáa! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o.

Ẹ̀yin tí ẹ ti ń bá mi bọ̀ láti ọdún tó kọjá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀. Ẹgbẹ́ obìnrin wa ní Dundalk níbí, ní Ireland, àti àwọn ìyá àgbà kan tó ń hun aṣọ òtútù ní Newry, lódìkejì ààlà ní Àríwá Ireland tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, la jọ tọrọ owó ìrànwọ́ kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fún àwọn tó bá jọ ń ṣe nǹkan láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ààlà. Àwa á kọ́ wọn ní àdìrẹ, àwọn á kọ́ wa ní aṣọ híhun. Ìpàdé mẹ́rin: méjì lọ́dọ̀ wa, méjì lọ́dọ̀ wọn. Mi ò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà, nítorí owó wa ṣì wà lọ́wọ́ wọn.

Láti Dundalk dé Newry, ogún ìṣẹ́jú ni nínú ọkọ̀. Kò sí sójà, kò sí okùn lójú títì, kò sí kọ́sítọ́ọ̀mù tó máa ní kí o ṣí búùtù. Ìlà ẹ̀gbẹ́ títì tó jẹ́ yẹ́lò á di funfun, kìlómítà á di máìlì, o ti bọ́ sí ilẹ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Ẹni tó bá ti gba Ìdí-Ìrókò kọjá rí á rò pé òun ń lá àlá ni. Àmọ́ Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa, kò lè lọ. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ló ń bá ṣiṣẹ́, ìwé iṣẹ́ ló gbé e dé ibí, pásípọ́ọ̀tù aláwọ̀ ewé ló sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Káàdì ìgbélùú Ireland tó ní kò já mọ́ nǹkan kan tó bá ti kọjá ìlà funfun yẹn. Fíísà Gẹ̀ẹ́sì ló máa gbà, ju ọgọ́rùn-ún pọ́ùn lọ, kó tó lè lọ jókòó wákàtí méjì pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Àwa mẹ́fà tí a ti di ọmọ Ireland la wọkọ̀ lọ.

Mo ti kọ̀wé bi wọ́n tẹ́lẹ̀ pé ṣé owó fíísà lè wọ inú ìnáwó wa. Wọ́n ní rárá, kò sí lára ohun tí àwọn ń san owó lé lórí. Owó gbọ̀ngán wà níbẹ̀. Owó búrẹ́dì wà níbẹ̀. Owó bọ́ọ̀sì tí yóò gbé wa kọjá ààlà náà wà níbẹ̀!

Ìmẹ̀kọ ni wọ́n bí bàbá mi sí, Kétu tó wà ní Benin báyìí ni ìyá rẹ̀ ti wá. Lọ́dún 1889 ni Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì fa ìlà sáàárín méjèèjì. Kò sẹ́ni tó fún ìyá àgbà ní owó ìrànwọ́ kankan láti máa kọjá. Ó kàn ń kọjá ni, tòun ti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Èyí tó tún ń dùn mí ni pé ẹ máa kọ́kọ́ ná owó yín ná, ẹ máa wá kó rìsíìtì lọ, kí wọ́n tó san án padà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe nínú Interreg gan-an nìyẹn, ètò ńlá tí Yúróòpù ti ń lò láti 1990 fún àwọn agbègbè tó pààlà: ẹ ná an, wọ́n á yẹ ìwé wò, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá apá kan padà, tí kì í sábà ju ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú òfin 2021. Ìjọba ìbílẹ̀ tó lówó lè gbé ìyẹn. Àwa ńkọ́? Àjọ la fi san owó gbọ̀ngán. Ta ló sì kàn láti kó àjọ lóṣù yẹn? Ìyá Ìbejì. Òun ló ní, "Àǹtí, ẹ mú un ná, wọn ò kúkú ní pẹ́ san án." Oṣù karùn-ún rèé.

Àwọn kan á sọ pé wọ́n ti mú un rọrùn, pé iṣẹ́ kékeré kò nílò rìsíìtì gbogbo mọ́. Wọ́n kọ ọ́ sínú òfin lóòótọ́. Ẹ wá bá mi ka lẹ́tà òní.

Kì í sì í ṣe àwa kéékèèké nìkan. Ẹ dé etí omi ní Omeath, ẹ máa rí Warrenpoint lọ́ọ̀ọ́kán. Lọ́dún 2012 wọ́n ṣèlérí mílíọ̀nù 17.4 yúrò owó Interreg fún afárá Narrow Water, tí yóò so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀. Nígbà tó di 2013, iye tí àwọn kọngílá mú wá ju ohun tí wọ́n rò lọ, kò sẹ́ni tó dí àlàfo náà lásìkò, owó sì gba ibòmíràn lọ, torí owó yìí ní ọjọ́ tó ń kú. 2024 ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, owó tí ìjọba Ireland fúnra rẹ̀ yà sọ́tọ̀ ló sì gbé e dìde.

Mo ti kọ èsì tó gbóná. Mo ti fẹ́ tẹ̀ ẹ́ lọ kí n tó rántí ìpàdé kejì, èyí tí a ṣe lọ́dọ̀ wa. Ìyá kan láti Newry bá mi nídìí agbada aró, ọwọ́ rẹ̀ ti dúdú dé ìgúnpá, ó ní ọgbọ̀n ọdún lòun fi wà lẹ́bàá ibí tóun ò fẹsẹ̀ kan Dundalk. Ìlú tó wà ní ogún ìṣẹ́jú! Ìbẹ̀rù bọ́ǹbù láti ayé ìjà Kátólíìkì àti Pùròtẹ́sítáǹtì ní Àríwá Ireland, ìbẹ̀rù ohun tí àwọn ará ilé ìjọsìn òun á sọ. Irú ìyá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ owó àlàáfíà fún níbí lọ́dún 1995. Ètò tí wọ́n ń pè ní PEACEPLUS, tó lé ní bílíọ̀nù kan yúrò, ló wà nídìí rẹ̀ báyìí, Gẹ̀ẹ́sì sì ṣì ń dá sí i lẹ́yìn tó ti jáde kúrò ní Yúróòpù. Tí kò bá sí òfin méjì-lọ́dọ̀-wa-méjì-lọ́dọ̀-wọn yẹn, ṣé ìyá náà á wá? Mi ò rò ó. Ṣé owó tiwa ni owó yìí tiẹ̀ ni, àbí àwa la lọ jókòó sídìí ìjà onílé?

Ìyá kan náà pè mí láàárọ̀ yìí nígbà tó gbọ́. Ó ní kí á ṣe ìpàdé kẹrin ní Dundalk, kí gbogbo wa lè pé, kí a kọ Newry sórí ìwé, òun á buwọ́ lù ú. Mo rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Tí wọ́n bá mọ̀, owó lọ nìyẹn, owó Ìyá Ìbejì sì bá a lọ.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n ń retí èsì. Mo ti pa èyí tó gbóná yẹn rẹ́. Ìyá Ìbejì ti fi ìbọ̀sẹ̀ kan ránṣẹ́ sí mi, ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, pé kí n bá òun mú un dé Newry kí wọ́n wo gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ń tú.