Láti orí ìgbẹ́ adìẹ ló yẹ ká ti bẹ̀rẹ̀

Èrò ọkàn mi rèé. Bí ọ̀rọ̀ oògùn tí kò ṣiṣẹ́ mọ́ bá ti ṣẹlẹ̀ ní Òṣogbo, ẹni tó ń ra ampiclox ẹyọ méjì méjì ní kẹ́míìsì la máa ń dá lẹ́bi. Ó jẹ̀bi lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀nà mìíràn wà tí àjálù yìí ń gbà wọlé, orí àwo sàláàdì ni, àkùrọ̀ ló sì ti ń bọ̀.

Oògùn apakòkòrò tí wọ́n ń pò sómi adìẹ, irú oxytetracycline, enrofloxacin àti colistin, kì í tán sára adìẹ. Púpọ̀ nínú tetracycline ló ń bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé. Nínú ìfun adìẹ, kòkòrò àìfojúrí tí oògùn ràn ti kú, èyí tó mọ ọgbọ́n àtiyè ló ṣẹ́kù, òun náà ló wá ń pọ̀ sí i. Ìgbẹ́ yìí kan náà la ń rọ sápò, tí a ń dà sórí bẹ́ẹ̀dì tẹ̀tẹ̀ àti lẹ́tùsì.

Inú jíìnì, ìyẹn àkọsílẹ̀ inú kòkòrò tó ń sọ bó ṣe máa hùwà, ni ọgbọ́n ọ̀hún wà. Ohun tó sì ń bani lẹ́rù ni pé ọ̀pọ̀ irú jíìnì bẹ́ẹ̀ ló wà lórí òrùka tíńtín kan tí wọ́n ń pè ní plasmid, tí kòkòrò kan lè ṣe ẹ̀dà rẹ̀ kó sì fi fún òmíràn, wọn ì báà má tan rárá. Kòkòrò inú ilẹ̀ tí kì í ṣe èèyàn ní nǹkan kan lè gbà á lọ́wọ́ E. coli, irú kòkòrò kan tó ń gbé inú ìfun, tó wà nínú ìgbẹ́, kó bá ewé lẹ́tùsì dé ọjà Olúọdẹ, kó tún nà án sí E. coli inú ìfun ẹni tó jẹ ẹ́. Ara onítọ̀hún á ṣì dá ṣáṣá. Ọjọ́ tí kòkòrò náà bá wọ inú ìtọ̀ tàbí ẹ̀jẹ̀ ni dókítà yóò rí i pé abẹ́rẹ́ kò ràn án. Ní 2015, ní Ṣáínà, wọ́n rí jíìnì mcr-1 lórí plasmid, lára ẹlẹ́dẹ̀, ẹran ọjà àti aláìsàn. Colistin, tí dókítà ń fi pamọ́ de ìgbà tí gbogbo oògùn bá kọ̀, ló ń sọ di asán. Ní 2017, Ṣáínà fòfin de pípo colistin mọ́ oúnjẹ ẹran láti mú kó tóbi. Adìẹ tiwa ṣì ń mu ún.

Omi náà ń dá kún un. Omi Ọ̀ṣun ti pọ́n nítorí àwọn awakùsà góòlù lápá òkè odò. Jíìnì tó ń gba kòkòrò lọ́wọ́ mercury, irin olómi tí àwọn awakùsà fi ń kó góòlù jọ, àti bàbà sábà máa ń wà lórí plasmid kan náà pẹ̀lú ti oògùn, nítorí náà irú irin bẹ́ẹ̀ lásán lè mú kí kòkòrò di ti oògùn mú.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ibi kan ṣoṣo tí a ó ti tún un ṣe, ìgbẹ́ ni màá mú. Ìlànà Amẹ́ríkà fún oko tí kì í lo kẹ́míkà ni pé kí ìgbẹ́ tútù pé ọjọ́ 120 nínú ilẹ̀ kí a tó kórè ohun tó ń kan ilẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ ńkọ́? Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, a ti fà á. Kò sí bí ìgbẹ́ tútù àti tẹ̀tẹ̀ ṣe lè jọ gbé orí bẹ́ẹ̀dì kan. Ẹ jẹ́ kó jinná kó tó dé oko: ẹ pò ó mọ́ èérún pákó tàbí koríko gbígbẹ, ẹ kó o jọ kó ga tó mítà kan, kó fẹ̀ tó mítà kan. Omi rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ ju ti kànìnkànìn tí a ti fún lọ. Inú rẹ̀ gbọ́dọ̀ gbóná dé 55 lórí òṣùwọ̀n Celsius fún ọjọ́ 15, kí a sì yí i ní ẹ̀ẹ̀marùn-ún ó kéré tán láàárín ìgbà náà, torí pé ẹ̀yìn òkìtì kì í gbóná. Bí a kò bá yí i, kòkòrò ẹ̀yìn yóò padà wọ inú. Tó bá ń rùn fìn-ìn, omi ti pọ̀ jù, afẹ́fẹ́ kò wọ̀ ọ́, ẹ fi èérún pákó kún un. Tí òkìtì bá kéré, ooru á sá lọ. Èyí kò ní mú gbogbo jíìnì kúrò, ṣùgbọ́n á dín in kù gan-an.

Ní ti ilé ìdáná: ewédú àti ẹ̀fọ́ rírò kò níṣòro, iná ti pa kòkòrò inú wọn. Sàláàdì ni ká ṣọ́. Iyọ̀ tí a ń bù sómi, ìdin ló ń lé jáde. Ẹ kọ́kọ́ ṣan erùpẹ̀ dànù, nítorí erùpẹ̀ ń jẹ agbára bílíìṣì. Kí ẹ wá po mílílítà 30 bílíìṣì 3.5%, tí kò lóòórùn, sínú lítà 10 omi, ẹ rẹ ewé síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ sì fi omi mímọ́ ṣàn án. Kò ní pa èyí tó ti wọ inú ihò ewé, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti oko.

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń wọ́n omi sẹ́fọ̀ọ́ kó má baà rọ, omi mímu ni kó jẹ́, kí ẹ sì máa pààrọ̀ rẹ̀ látìgbàdégbà. Ẹ̀yin olóko adìẹ, tí ẹ bá ń ta ìgbẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ orúkọ oògùn tí ẹ lò àti ọjọ́ tí ẹ lò ó kẹ́yìn sára àpò.