Fóònù kọ́ ni Khala ń sá fún

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnìkan sọ níbi ìpàdé iṣẹ́ wa pé àwọn àgbàlagbà ará Bangladesh àti Pakistan ládùúgbò yìí kò mọ nǹkan kan nípa íntánẹ́ẹ̀tì, pé ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi í lo áàpù NHS, ìyẹn áàpù ètò ìlera ìjọba Britain, tí èèyàn fi ń béèrè oògùn, tó sì fi ń wo èsì àyẹ̀wò. Mo dákẹ́ nítorí owó oṣù. Ibí ni mo ti fẹ́ dá a lóhùn.

Ọdún kẹsàn-án mi rèé nídìí káńtà ilé oògùn kan ní ìlà oòrùn London. Ará Sylhet ni ọ̀pọ̀ oníbàárà wa, agbègbè kan ní Bangladesh níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará Bangladesh tó wà ní Britain ti ṣẹ̀ wá. Màmá kan wà nínú wọn tí gbogbo wa ń pè ní Khala. Ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ìyá ẹni ni ìtumọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n bí àwa náà ṣe ń pe ìyá oníyàá ní "àǹtí" ni wọ́n ṣe ń lò ó. Khala yìí (mo ti yí díẹ̀ padà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà dá a mọ̀) ń bá àbúrò rẹ̀ ní Sylhet sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp láràárọ̀, ó ń gbọ́ wáàsì lórí YouTube, fóònù ló sì fi ń mọ àkókò ìrun. Ẹni yìí lẹ ní kò mọ íntánẹ́ẹ̀tì?

Ẹ wá wo ohun tí áàpù náà ń bi í. Ó ní kó mú ímeèlì wá. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ló ṣí ímeèlì fún un, orí fóònù ọmọ náà ló sì wà. Ó ní kó ya àwòrán pásípọ́ọ̀tù, kó tún ya fídíò ojú ara rẹ̀. Kóòdù tó yẹ kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, fóònù ìyàwó ọmọ ló ń bọ́ sí.

Àwọn NHS á ní ṣebí àwọn ti túmọ̀ ìwé sí Bengali, èdè ìjọba Bangladesh. Èdè Sylhet ni Khala ń sọ, kò sì lè ka Bengali. Èdè náà ní ọ̀nà ìkọ̀wé tirẹ̀ rí, Nagri ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n àwọn tó lè kà á lónìí kò tó nǹkan. Bẹ́ẹ̀ ló rí fún àwọn ará Mirpur, agbègbè kan ní Kashmir lápá Pakistan, tó wà ní Bradford àti Birmingham, tí ìsédò Mangla lé ọ̀pọ̀ ìdílé wọn kúrò lórí ilẹ̀ bàbá wọn ní àwọn ọdún 1960. Pahari ni wọ́n ń sọ nílé, Urdu, èdè ìjọba Pakistan, ni wọ́n ń kọ ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ gbé ìwé Yorùbá àjùmọ̀lò, tòun ti àmì orí rẹ̀, fún ìyá àgbà Ìkálẹ̀ tí kò délé ìwé rí, kẹ́ ẹ jókòó máa retí èsì.

WhatsApp rí àyè wọlé nítorí pé ohùn ni. Ọ̀nà kan náà ni irọ́ gbà nígbà Kòrónà, pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú abẹ́rẹ́. Nígbà tó di oṣù Kìíní 2021, Adil Ray, aláwàdà orí tẹlifíṣọ̀n, kó àwọn gbajúmọ̀ tí ìdílé wọn wá láti Gúúsù Éṣíà bíi Meera Syal, Moeen Ali àti Romesh Ranganathan jọ sínú fídíò kan láti rọ àwọn èèyàn wọn pé kí wọ́n lọ gbabẹ́rẹ́. Ní káńtà wa, àwọn tó fi fídíò yẹn hàn mí pọ̀ ju àwọn tó mú ìwé pélébé wa lọ.

Tí wọ́n bá sì ń fura sí ẹ̀rọ, ìfura wọn nídìí. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi há ìka láti wo afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ lè ka iye tó ju ti òótọ́ lọ lára ẹni tí àwọ̀ rẹ̀ dúdú. Ìgbìmọ̀ tí ìjọba gbé kalẹ̀, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Margaret Whitehead darí, sọ ọ́ síta ní oṣù Kẹta 2024. Láti 2013 sì ni NICE, àjọ tó ń là ọ̀nà ìtọ́jú sílẹ̀ fún NHS, ti ní kí wọ́n máa fi BMI (ìwọ̀n ìsanra sí gíga ẹni) 23, dípò 25, kìlọ̀ àtọ̀gbẹ fún àwọn ará Gúúsù Éṣíà. (Àwa aláwọ̀ dúdú náà wà níbẹ̀, ẹ má rẹ́rìn-ín.) Áàpù orí fóònù tèmi ṣì ń fi àwọ̀ ewé yìn mí ní 24.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ tí ọmọ ọmọ Khala, ọmọ ọdún 14, dúró ní káńtà tó ń ka èsì àyẹ̀wò rẹ̀ fún un láti inú áàpù. Nǹkan obìnrin ni. Ọmọ náà kò mọ ibi tí yóò kọjú sí. Khala fa ìborí rẹ̀ síwájú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti ní kí wọ́n yọ áàpù náà kúrò. Nínú ìwé wa, ó ti di ọ̀kan nínú àwọn tí "kì í lò ó".

Ó yé mi. Nígbà tí ìyá mi wá láti Ìbàdàn, èmi ni mò ń ka gbogbo lẹ́tà ilé ìwòsàn fún un. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ó ní ohun tó ń dùn ún tí kò lè sọ lójú ọmọ ọkùnrin.

Ọ̀nà àbáyọ wà o. Dókítà lè fún ọmọ láṣẹ kó máa béèrè oògùn ìyá rẹ̀ nìkan, láì rí ìyókù. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ṣàlàyé ìyẹn fún Khala? Ọmọ yẹn náà ni! Tó bá jẹ́ èmi ni mò ń náwó ìpolówó áàpù, obìnrin méjì tó gbọ́ èdè Sylhet ni mo máa fi gbà síṣẹ́, kí wọ́n máa fohùn ránṣẹ́ sáwọn èèyàn.

Lọ́jọ́bọ̀, Khala nìkan ló wá. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan títí gbogbo èrò fi tán, fóònù rẹ̀ lọ́wọ́. Ó béèrè lọ́wọ́ mi pé, "Apa ńkọ́?" Apa ni bí wọ́n ṣe ń pe ẹ̀gbọ́n obìnrin; ẹlẹgbẹ́ mi obìnrin, ọmọ Sylhet, ló ń béèrè. Mo ní kò síbi iṣẹ́ lónìí, mo ní ṣé kí n bá a wò ó. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ti fóònù náà bọ báàgì, ó ní òun á padà wá lọ́jọ́ Ajé.