Ẹ Kú Ìnáwó, Ẹ̀yin Olówó Bọ́ọ̀lù

Ẹ kú ìnáwó o, ẹ̀yin olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù yunifásítì Amẹ́ríkà, èyí tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá kiri. Ẹ kú ìdáwó. Owó yín kò ní tán láé. Ká sòótọ́, bó bá máa tán, ọdún 2023 ni ì bá ti tán.

Mo fẹ́ràn ẹni tó lawọ́. Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ ibi tí ìlawọ́ lè gbé ọmọ aráyé dé, kó wo Jimbo Fisher. Oṣù kọkànlá ọdún náà ni Yunifásítì Texas A&M lé e kúrò nídìí iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá, tí wọ́n sì gbà láti san owó tó lé ní 75 mílíọ̀nù dọ́là fún un kó má ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Ẹ tún un kà. Kó má ṣe é. Wọ́n kọ́kọ́ ka mílíọ̀nù 19 dọ́là ó lé díẹ̀ lé e lọ́wọ́, ìdáwó ẹ̀yin olólùfẹ́ sì ni wọ́n bù síbẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, mílíọ̀nù 7.2 lọ́dọọdún títí di 2031. Bó bá rí iṣẹ́ síbòmíràn, wọn kò ní yọ kọ́bọ̀ nínú ẹ̀.

Mo fi fóònù mi ṣírò rẹ̀. Ó ń lọ sí bíi 19,700 dọ́là lójúmọ́. Ìyẹn lé ní 800 dọ́là ní wákàtí kọ̀ọ̀kan, òjò ń rọ̀ ni o, oòrùn ń ràn ni o. Bí Kóòṣì bá sùn fún wákàtí mẹ́jọ, 6,500 dọ́là ó lé ló bá jí. Bó bá yí ẹ̀gbẹ́ padà, tó ní òun ṣì fẹ́ sùn sí i fún wákàtí kan, ẹ fi 800 kún un. Ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi fọ eyín, dọ́là 68. Bí inú bá ń run ún, tó fi ìdajì wákàtí jókòó sílé ìgbọ̀nsẹ̀, 410 dọ́là, láìka omi tó fi ṣàn án. N kò tíì ṣírò iye tí sísín kan ń jẹ́, ṣùgbọ́n bó bá sín, ẹ rọra pàtẹ́wọ́, ẹ̀yin náà lẹ kúkú san án.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, yunifásítì kò láṣẹ láti sanwó tààrà fún àwọn ọmọ tó ń forí gbárí nínú pápá. Ó di ọdún 2025 kí ìyẹn tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó tiẹ̀ dùn mọ́ mi jù ni orúkọ ẹgbẹ́ tó ń gba ìdáwó náà: 12th Man Foundation, ìyẹn Ẹgbẹ́ Ẹni Kejìlá, torí pé èèyàn mọ́kànlá ló ń gbá bọ́ọ̀lù náà. Ọjọ́ kejì oṣù kìíní ọdún 1922, ọmọ ilé-ìwé kan, E. King Gill, sọ̀ kalẹ̀ láàárín àwọn òǹwòran, ó wọ aṣọ agbábọ́ọ̀lù tó fara pa, ó dúró lẹ́bàá pápá títí wọ́n fi gbá a tán. Wọn kò pè é wọlé. Sísì kan kò kan ọwọ́ rẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọ́n fi ń dúró wo bọ́ọ̀lù níbẹ̀ dòní olónìí. Ẹ gbọ́, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan nígbà náà múra tán, ó dúró, ó sì ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Kí ló fa gbogbo ariwo mi yìí? Ọmọ ìlú wa kan ni, Ìjẹ̀ṣà pọ́ńbélé. Níbi ìkómọ kan ní Houston níbí, ó yọ káàdì kan nínú àpò agbádá bíi pé ìwé oyè ni. Káàdì ibi ìgbọ́kọ̀sí ni! Wọ́n ti sún un láti ẹ̀yìn odi lọ́hùn-ún wá sí tòsí Kyle Field, pápá bọ́ọ̀lù Texas A&M, nítorí pé máàkì ìdáwó rẹ̀ ti gòkè. Wọ́n ń kí i kú oríire. Ọkùnrin yìí kò kàwé ní Texas A&M. Pólì ló lọ, nílé. Ọmọ rẹ̀ kò kàwé níbẹ̀. Ajá rẹ̀ pàápàá kò kàwé níbẹ̀.

Ó dá 3,000 dọ́là lọ́dún yìí. Ìyẹn kò tó oorun wákàtí mẹ́rin. Kóòṣì kò tíì yí ẹ̀gbẹ́ padà tí owó rẹ̀ ti tán.

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò lè yé yín. Ọ̀rọ̀ ìfẹ́ ni. Ẹ dé àárín èèyàn tó lé ní 100,000 tó jọ ń pariwo, orí yín á wú."

Orí mi ti wú. Ìfẹ́ wo? Aṣọ ẹbí lẹ rà. Ẹ dáwó, ẹ gba máàkì; máàkì ló ń sọ ibi tẹ́ ẹ máa jókòó, kẹ́ ẹ tó wá san owó tíkẹ́ẹ̀tì gan-an. Mo mọ irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ dáadáa. Níbi ìgbéyàwó kan ní Dallas, wọ́n gbé èmi àgbàlagbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ torí pé n kò ra lẹ́ẹ̀sì wọn, ìrẹsì tó sì dé ọ̀dọ̀ mi kò lẹ́ran. N kò gbàgbé, n kò sì ní gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìyàwó ọjọ́ yẹn kò pe lẹ́ẹ̀sì ní ìtọrẹ àánú o! Títí ọdún 2017 fi parí ni òfin Amẹ́ríkà gbà kí ẹni tó dá irú owó yìí kó lè rí tíkẹ́ẹ̀tì rà yọ ìpín 80 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ kúrò nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé. Àánú! Ta lẹ ṣàánú? Ìdí ara yín, kó lè rí àga tó dáa jókòó lé.

Yunifásítì tí ọmọ mi obìnrin jáde náà ń pè é lálaalẹ́ pé kó wá dáwó bọ́ọ̀lù, bẹ́ẹ̀ ló ṣì ń san gbèsè tó fi kàwé lọ́dọ̀ wọn. Mo gba fóònù náà lọ́jọ́ kan. Ohun tí mo sọ fún ọmọ tó pè kò ṣeé tẹ̀ jáde.

Ọdún 1934 ni àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù Yunifásítì Clemson, ní South Carolina, dá ẹgbẹ́ IPTAY sílẹ̀, pé kí kálukú máa dá dọ́là mẹ́wàá lọ́dún. Lọ́dún 1934 kan náà ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe dá Iléṣà Grammar School sílẹ̀. Òṣómàáló ni bàbá mi àgbà, ẹni tó ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà ajigbèsè títí owó á fi jáde. Kì í fi kọ́bọ̀ ṣeré. Síbẹ̀ ó dá tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó fún un ní ibi tó máa gbé kẹ̀kẹ́ sí. Ọmọ ẹni tí kò mọ̀ rí ló lọ kàwé níbẹ̀. Ti Clemson ńkọ́? Ní 2017 wọ́n ṣí ilé bọ́ọ̀lù olówó 55 mílíọ̀nù dọ́là, tó ní ibi yíyọ̀ nínú, irú èyí tí àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ń yọ̀ lórí ẹ̀. Géńdé tó wọn 140 kílò á gun òkè, á jókòó, á yọ̀ wá sílẹ̀, wìì! Ẹ ṣeun, ẹ̀yin olùdáwó.

Ìwọ ọmọ Ìjẹ̀ṣà yìí, ìwọ ni mo ń bá wí. Nígbà tí ẹgbẹ́ wa ní kí kálukú dá 200 dọ́là láti fi tún òrùlé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ṣe nílé, kí lo wí? O ní nǹkan le. O ní àwọn aráalé á kó owó náà jẹ. Kóòṣì ń kó tìrẹ jẹ lójú oorun, o ń pàtẹ́wọ́!

Mo ń bọ̀ ní College Station, ìlú tí Kyle Field wà, ní Sátidé. N kò ní tíkẹ́ẹ̀tì, n kò sì fẹ́. Ibi ìgbọ́kọ̀sí rẹ tuntun ni mò ń lọ tààrà. Àárín ìlà funfun méjèèjì ni n ó lóṣòó sí, n kò sì ní dìde títí wàá fi ka 200 dọ́là òrùlé lé mi lọ́wọ́. Bí àwọn ẹ̀ṣọ́ bá bi ọ́ pé ta ni bàbá yìí, sọ fún wọn pé máàkì tèmi ti ń gòkè láti 1934.