Àtúnṣe: ẹgbẹ́ agbébọn tó ń jà fún ìjọba náà léwu

Ẹ̀yin tí ẹ ń pín in kiri pé ẹgbẹ́ agbébọn tó bá ti wà lẹ́yìn ìjọba kì í wu ìjọba léwu, ọ̀rọ̀ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ wo Sudan. Lọ́dún 2003, ìjọba Omar al-Bashir kó ìbọn fún àwọn Janjaweed, ìyẹn àwọn agbébọn ìbílẹ̀ kan, kí wọ́n lè bá a kojú àwọn ọlọ̀tẹ̀ ní Darfur. Lọ́dún 2013, ìjọba sọ wọ́n di RSF (Rapid Support Forces), ẹgbẹ́ ológun tó ń ran ìjọba lọ́wọ́. Ní 2017, òfin fọwọ́ sí wọn. Lọ́dún yẹn kan náà ni Hemedti, ọ̀gá wọn, gba ibi ìwakùsà wúrà ní Jebel Amer. Ibẹ̀ gan-an ni ewu ti wọlé: ẹni tó ní ọmọ ogun, tó tún ní owó tirẹ̀, ta ni yóò pàṣẹ fún un? Ní 2019, òun náà wà lára àwọn tó yọ al-Bashir. Nígbà tó di April 15, 2023, RSF àti àwọn ọmọ ogun ìjọba dojú ìbọn kọra ní Khartoum, olú ìlú Sudan, àní títí dé pápákọ̀ òfurufú. Ní June ọdún yẹn, Wagner, ẹgbẹ́ ológun aládàáni tó ń jà fún ìjọba Rọ́ṣíà, náà ṣọ̀tẹ̀ sí ìjọba ibẹ̀.

Lóòótọ́, irú àwọn ẹgbẹ́ agbébọn bẹ́ẹ̀ lè wúlò fún ìjọba, torí wọ́n sábà máa ń mọ ilẹ̀ ibi tí wọ́n ti ń jà dáadáa. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tún fi ọ̀rọ̀ yẹn ránṣẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń san owó wọn.