Fídíò kọ́ ló ń sọ owó iléèwé àwọn Júù di pọ́ọ́kú o

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan tó ní iléèwé aládàáni n'Ìbàdàn pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, a ò tíì kíra tán tó fi bọ́ sọ́rọ̀. Ó ní, "Àbúrò, ṣebí iléèwé àwọn Júù lo ti ń ṣe tíṣà ní Amẹ́ríkà níbẹ̀yẹn? Mo gbọ́ pé wọ́n ti rọ́gbọ́n ta sọ́rọ̀ owó iléèwé, pé fídíò ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ báyìí, tíṣà kan á máa mójú tó ọgọ́rùn-ún ọmọ, owó sì ti já wálẹ̀. Èmi náà fẹ́ ṣe é." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun, ẹ má tíì ní kí tíṣà kankan máa lọ, ẹ jẹ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kó lè yé gbogbo wa."

Torí kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìkan ló gbà á bẹ́ẹ̀. Níbí gan-an ní New Jersey, àwọn òbí Júù tó ń gbé ọmọ wá láràárọ̀, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu wọn láìmọye ìgbà, pé ṣebí Khan Academy, àwọn tó ń fi fídíò kọ́ni, wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, kí ló dé tí wọ́n ṣì ń gba owó gọbọi lọ́wọ́ àwọn torí tíṣà ìṣirò. Mo mọ̀ pé ìnira ló ń fà á, mi ò lè bínú sí wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò rí bẹ́ẹ̀, kò tiẹ̀ súnmọ́ ọn rárá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ìdí tó fi wọ́n. Iléèwé Júù tí wọ́n ń pè ní day school, iléèwé méjì ló wà nínú ọgbà kan ṣoṣo. Láàárọ̀ wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọ́ Tórà, Talmud (ìwé àtayébáyé tí àlàyé òfin wọn wà nínú ẹ̀) àti èdè Hébérù, àwọn ráábì àtàwọn obìnrin tó mọ̀ nípa ẹ̀ ló ń kọ́ wọn. Tó bá di ọ̀sán, àwa oníṣirò, onísáyẹ́ǹsì, àwọn tó ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì, a ó wọlé. Èmi ò kì í ṣe Júù, ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni mí, bẹ́ẹ̀ sì ni a pọ̀ tí wọ́n gbà síṣẹ́ ọ̀sán bẹ́ẹ̀. Ọmọ kan náà ló jókòó sórí àga kan náà látàárọ̀ o, ṣùgbọ́n owó oṣù ọ̀nà méjì ni wọ́n ń san lé e lórí. Níbi tá a wà yìí, 20,000 dọ́là lọ́dún fún ọmọ kan kì í ṣe ohun tó ń ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu, àwọn iléèwé girama wọn mìíràn sì ti kọjá 30,000. Àwọn Júù tó di ẹ̀sìn wọn mú ṣinṣin kì í sì í bímọ kan péré, ọmọ mẹ́rin, márùn-ún, ó wọ́pọ̀. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ọmọ mẹ́rin ní 20,000, 80,000 dọ́là nìyẹn lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí ìjọba ti gba owó orí tán! Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé bàbá ń ṣiṣẹ́ méjì, ìyá náà ń ṣiṣẹ́, wọ́n ṣì tún lọ jókòó níwájú ìgbìmọ̀ pẹ̀lú ìwé owó oṣù wọn lọ́wọ́, wọ́n ń bẹ̀bẹ̀ fún ẹ̀dínwó.

Ìjọba ò sì ràn wọ́n lọ́wọ́ níbi tó ti ń dùn wọ́n. Ní 1947, kóòtù tó ga jù ní Amẹ́ríkà sọ pé New Jersey lè dá owó ọkọ̀ padà fáwọn òbí tọ́mọ wọn ń lọ iléèwé ẹlẹ́sìn, ṣùgbọ́n nígbà tí Pennsylvania àti Rhode Island fẹ́ máa fi owó ìjọba kún owó oṣù àwọn tíṣà iléèwé ẹlẹ́sìn, kóòtù kan náà wọ́gi lé e ní 1971. Owó oṣù tíṣà sì nìyẹn, òun ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìnáwó iléèwé èyíkéyìí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ fídíò ti wọlé nìyí. Salman Khan, ẹni tó dá Khan Academy sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í gbé fídíò ìṣirò sórí YouTube ní 2006, torí ìbátan rẹ̀ kékeré tó ń kọ́ lẹ́sìnnì láti òkèèrè ni, nígbà tó fi máa di 2011 gbogbo ayé ti gbọ́ ọ. Ní àsìkò kan náà, àwọn tíṣà kẹ́mísírì méjì ní Woodland Park ní ìpínlẹ̀ Colorado, Jonathan Bergmann àti Aaron Sams, ti ń gba ẹ̀kọ́ wọn sílẹ̀ lórí fídíò láti 2007 torí àwọn ọmọ tí kì í sí ní kíláàsì. Wọ́n wá rí i pé tí ọmọ bá ti wo àlàyé nílé, ó lè wá ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá ní kíláàsì lójú tíṣà. Ohun tí wọ́n ń pè ní flipped classroom nìyẹn, kíláàsì tó gbé ẹ̀yìn síwájú: àlàyé lọ sílé, iṣẹ́ bọ̀ wá sí kíláàsì. Àwọn méjèèjì ò fi ìgbà kankan sọ pé káwọn kúrò ní kíláàsì o. Ohun tí wọ́n ń wá gan-an ni bí wọ́n ṣe máa ráyè dúró ti ọmọ kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tó wá di 2012, iléèwé Júù kan tó ń jẹ́ Yeshivat He'Atid ṣílẹ̀kùn ní Bergen County níbí. Owó iléèwé wọn lọ́dún àkọ́kọ́ dín díẹ̀ ní 9,000 dọ́là, ariwo sì ta. Kọ̀ǹpútà wà nínú ètò wọn lóòótọ́, òun sì ni gbogbo èèyàn rántí, pé "fídíò ti sọ owó di pọ́ọ́kú". Ẹ wo ètò ọ̀hún dáadáa. Wọ́n pín kíláàsì sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́, àwọn kan wà nídìí kọ̀ǹpútà, àwọn kan jókòó ti tíṣà, wọ́n á sì pààrọ̀. Èyí ló jẹ́ kí kíláàsì lè gba ọmọ púpọ̀ díẹ̀ ju tibòmíràn lọ, wọn ò sì kó ọ̀gá jọ kún ọ́fíìsì. Iye ọmọ tó wà nínú kíláàsì àti iye èèyàn tó ń gba owó oṣù, ibẹ̀ lowó ti já. Àjọ aláàánú AVI CHAI, tí Zalman Bernstein dá sílẹ̀ ní 1984, náwó sórí irú ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà báyìí ní ọ̀pọ̀ iléèwé Júù, ṣùgbọ́n ní ìparí 2019 àjọ náà dẹ́kun pínpín owó bó ṣe ti pinnu tẹ́lẹ̀. Owó ìtọrẹ ò lè san owó oṣù títí ayé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tójú tèmi rí. Nígbà tí iléèwé wa ní kí n gbìyànjú ẹ̀, mo ṣe fídíò tèmi fún ìdá, ìyẹn bí a ṣe ń ro ìdá kan mọ́ òmíràn. Ìṣẹ́jú 6 péré ni, torí àwọn tó yẹ fídíò ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń pè ní edX wò ní 2014, ìgbà tó tó mílíọ̀nù 6.9 táwọn èèyàn jókòó wo fídíò ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì rí i pé lẹ́yìn bí ìṣẹ́jú 6 ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń lọ. Ìṣẹ́jú 6 yẹn gba ìrọ̀lẹ́ méjì lọ́wọ́ mi o, mo kọ ọ́, mo gbà á, mo gbọ́ ọ, mo pa á rẹ́, mo tún un gbà. Lọ́jọ́ kejì ọmọkùnrin kan, ọmọ ọdún mẹ́wàá, fìlà kékeré wọn wà lórí ẹ̀ tí wọ́n fi pín-ìn-nì mú mọ́ irun, ó wo fídíò náà ní kíláàsì, ó yọ earpiece, ó ní ó ti yé òun pátá. Mo ní kó ro 1/2 mọ́ 1/3 fún mi. Kíá ló ti kọ ọ́: 2/5. Ó ro òkè mọ́ òkè, ó ro ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀, inú ẹ̀ sì dùn.

Mi ò sọ pé ó kùnà. Mo gé bébà méjì gígùn tó dọ́gba, mo ní kó ká ọ̀kan sí méjì, kó wá ká èkejì sí márùn-ún, kó fi kùn pa ìdajì lára tàkọ́kọ́, kó pa méjì nínú márùn-ún lára tèkejì. Ó gbé wọn lé ara wọn. Ó wò ó. Ó tún wò ó. Ó wá sọ jẹ́jẹ́ pé, "Mo fi nǹkan kún ìdajì, ó wá kéré sí ìdajì?" Ibi tó ti sọ ọ́ yẹn, mo rí ojú ẹ̀ tó yí padà. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá la lò kó tó dé 5/6 fúnra ẹ̀. Fídíò mi ti sọ gbogbo ẹ̀ fún un, kò sí ohun tí mi ò sọ nínú ẹ̀, ṣùgbọ́n fídíò ò lè rí 2/5 tó kọ, kò lè mọ̀ pé ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín yẹn ti ṣìnà. Kí ẹ wá fún mi ní ọgọ́rùn-ún ọmọ, ta ni mo máa bá ká bébà?

Kì í ṣe tèmi nìkan. Ní 2019, àwọn olùwádìí láti Yunifásítì Utrecht ní Netherlands kó ìwádìí 114 jọ lórí kíláàsì tó gbé ẹ̀yìn síwájú. Wọ́n rí i pé ó ń ran ọmọ lọ́wọ́ díẹ̀, mi ò ní fi dù yín, ó dáa. Àmọ́ ibi tó ti dáa ni ibi tí wọn ò ti gé àkókò tí tíṣà àti ọmọ ń fojú kojú kù. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ tún un kà. Ohun táwọn èèyàn fẹ́ fi fídíò gé kúrò kówó lè wálẹ̀, òun gan-an ló ń jẹ́ kí fídíò ṣiṣẹ́.

Àwọn Júù fúnra wọn mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́tipẹ́, àní kó tó sí iná mànàmáná. Nínú Talmud, ìwé Bava Batra, ojú ewé 21, wọ́n ka iye ọmọ tó yẹ kó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan: 25. Tí wọ́n bá di 40, kí ìlú wá igbákejì fún un. Tí wọ́n bá di 50, kí wọ́n wá olùkọ́ méjì. Ráábì kan ló fi hàn mí nínú yàrá tíṣà, ó fi ìka tọ́ ọ, ó ní, "Wò ó, owó iléèwé wa rèé." Mi ò lè gbàgbé ẹ̀.

Wọn ò sì nílò kí Colorado kọ́ wọn ní bí wọ́n ṣe ń gbé ẹ̀yìn síwájú. Ẹ dé yeshiva, iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ Talmud, láàárọ̀, ariwo lẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ọmọ méjìméjì ló jókòó kojú síra wọn, Talmud wà ní ṣíṣí láàárín wọn, ìka wà lórí ìlà, ọ̀kan ń kà, èkejì ń já a níyàn, wọ́n ń lu tábìlì. Chavruta ni wọ́n ń pè é, ẹnìkejì ẹni nídìí ìwé. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti bá ìwé náà jìjàkadì tán ni wọ́n á tó lọ jókòó níwájú ráábì fún àlàyé. Ìmúrasílẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, olùkọ́ lẹ́yìn. Èèyàn ni wọ́n fi ṣe é, ẹnìkejì ọmọ tí kò ní gbà fún ọ àfi tó o bá lè ṣàlàyé ara ẹ.

Fídíò wíwò nílé tiẹ̀ tún ní wàhálà tiẹ̀ láàárín wọn. Oṣù karùn-ún 2012, oṣù díẹ̀ ṣáájú kí He'Atid tó ṣílẹ̀kùn, ọkùnrin tó lé ní 40,000 lára àwọn Júù tó le nídìí ẹ̀sìn jù kún pápá ìṣeré Citi Field ní Queens, New York, lórí ewu íntánẹ́ẹ̀tì. Àwọn ilé mìíràn lára wọn, ẹ ò ní bá íntánẹ́ẹ̀tì níbẹ̀. Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì títí dìgbà tílẹ̀ máa ṣú lọ́jọ́ Sátidé, tí í ṣe Ṣábáàtì wọn, ẹnikẹ́ni tó ń pa á mọ́ ò ní tan kọ̀ǹpútà. Ilé tí ọmọ mẹ́fà ti ń pín kọ̀ǹpútà kan lò ńkọ́?

A tiẹ̀ ti dán fídíò nìkan wò, ká má gbàgbé. SAR Academy, iléèwé Júù kan ní Riverdale, ní Bronx ní New York, wà lára àwọn iléèwé àkọ́kọ́ tí wọ́n tì pa ní gbogbo Amẹ́ríkà nígbà kòrónà, 3 March 2020, kò pẹ́ gbogbo wa bá wọn lórí Zoom. Kò sí tíṣà kan tó dín kù níléèwé tèmi. Iṣẹ́ wa pọ̀ sí i, owó oṣù ò dúró, àwọn òbí sì ń pe fóònù mi lálẹ́ pé ọmọ àwọn ti sùn níwájú kọ̀ǹpútà.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní London mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà. JFS, iléèwé Júù tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1732, ìjọba ló ń san owó oṣù tíṣà wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe fún iléèwé Kátólíìkì àti ti Áńgílíkà tí ọ̀pọ̀ ọmọ yín ń lọ, ohun tí wọ́n kàn ń bẹ àwọn òbí fún ni ìdáwó fún ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn. Ní Florida, láti 2023, gbogbo ọmọ ló lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìjọba, nǹkan bí 8,000 dọ́là, tí òbí lè gbé lọ síléèwé tó bá wù ú, ti ẹ̀sìn náà wà ńbẹ̀. Owó tíṣà ṣì wà lódindi ní ibi méjèèjì, ẹni tó ń san án ló yí padà. Níbi tí kò bá ti sí irú ẹ̀, àfi káwọn tó lówó láàárín wọn dá a, tàbí kí kíláàsì tóbi sí i.

Torí náà ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹnikẹ́ni bá ń tajà fídíò fún yín pé owó á wálẹ̀, ẹ bi í pé ọmọ mélòó ló máa wà lọ́dọ̀ tíṣà kan, ìṣẹ́jú mélòó ni tíṣà yẹn máa lò pẹ̀lú ọmọ kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, àti pé ta ló máa wo ohun tí ọmọ kọ lẹ́yìn tó bá yọ earpiece. Fídíò tèmi lórí ìdá, màá fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp lọ́fẹ̀ẹ́. Bébà gígùn ni kẹ́ ẹ bá mi rà sílẹ̀ fún tíṣà yín.