Ajá tí ara ń yún, ẹ yé fi kọ́ńdẹ́ẹ̀mù ọ́ìlì pa á lára

Èrò ọkàn mi rèé, mi ò sì ní fi bò. Gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sin ajá ní Badagry níbí, láti Ajara títí dé ọ̀nà Seme, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yé lọ bá mẹkáníìkì gba ọ́ìlì dúdú tó fà yọ lábẹ́ ọkọ̀, kẹ́ ẹ wá fi pa ajá lára torí pé ó ń họra. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí ajá tí wọ́n ti kùn dúdú kirikiri, tó jókòó sínú oòrùn, tó ń lá ara ẹ̀, torí gbogbo ohun tó ń lá yẹn inú ẹ̀ ló ń lọ, òjé àtàwọn irin míì sì wà nínú ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò. Májèlé ni. Awọ tó ti bó tẹ́lẹ̀ ẹ tún wá da májèlé lé e lórí.

Òtapiápiá tún burú jùyẹn lọ. Dichlorvos, májèlé tí wọ́n fi ń pa kòkòrò, ló wà nínú ẹ̀, NAFDAC, àjọ ìjọba tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti fòfin de títa ìgò kékeré ẹ̀ torí pé ó ń pa èèyàn pàápàá, àwọn kan á ṣì bù ú sínú omi kí wọ́n fi wẹ ajá! Ajá á bẹ̀rẹ̀ sí í da itọ́, ara ẹ̀ á máa gbọ̀n, kò ní lè mí dáadáa mọ́, ó sì lè kú. Tó bá ti ṣẹlẹ̀ sí ti ẹnikẹ́ni, ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ fi omi àti ọṣẹ ṣan án kíá, kẹ́ ẹ sáré gbé e lọ bá vet, dókítà ẹranko, abẹ́rẹ́ atropine wà tí wọ́n máa ń fún un.

Ohun tó ń ká mi lára jù ni pé kò sẹ́ni tó ń béèrè pé kí ló ń yún ajá yìí gan-an. Gbogbo ìyún la fẹ́ fi oògùn kan ṣoṣo wò. Ẹ wo ibi tó ń họ ná, ibẹ̀ máa sọ nǹkan fún yín.

Ilẹ̀ iyanrìn ni Badagry wa yìí, abẹ́ àgbọn, etí òkun, etí ọ̀sà. Tí ajá yín bá ń lá ẹsẹ̀ ṣáá, kẹ́ ẹ tó pariwo àlẹ́jì, ìyẹn nǹkan tí ara ẹ̀ kọ̀, ẹ gbé ẹsẹ̀ ẹ̀ sókè kẹ́ ẹ yẹ abẹ́ ẹ̀ wò fún jìgá, kòkòrò inú iyanrìn tó ń wọnú ẹsẹ̀. Ẹ máa rí nǹkan funfun róbótó tó ní àmì dúdú láàárín, abo ẹ̀ ló ti wọnú ẹran ara, ó wú síbẹ̀, ó ń yé ẹyin sílẹ̀. (Kì í tiẹ̀ ṣe kòkòrò ilẹ̀ wa látilẹ̀ o, ọkọ̀ ojú omi láti Brazil ló gbé e dé Àǹgólà ní 1872, kó tó tàn káàkiri Áfíríkà.) Iyanrìn tí ajá ti kó o náà làwọn ọmọ wa ń fi ẹsẹ̀ lásán ṣeré lórí ẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá tọ́jú jìgá ajá, ó ń tọ́jú ẹsẹ̀ ọmọ ẹ̀ náà nìyẹn.

Tó bá jẹ́ ìdí ìrù àti ẹ̀yìn ló ń họ, tó ń fi eyín gé e, flea lẹ máa kọ́kọ́ fura sí, kòkòrò pẹ́ńpẹ́ tó máa ń fò yẹn. Itọ́ kòkòrò náà ni ara ajá míì kọ̀, tó fi jẹ́ pé kó bu ún jẹ lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀mejì péré ti tó, ẹ sì lè má rí ìkankan lára ẹ̀ tẹ́ ẹ bá wá a. Èyí tó wà lára ajá, díẹ̀ ni nínú wọn, ẹyin àti ìdin ẹ̀ ló kún inú ẹní tó ń sùn lé àti iyanrìn àti ihò símẹ́ǹtì, ojú ọjọ́ wa tó móoru sì ń bá wọn lára mu látọdún dọ́dún. Ìdí nìyẹn tí wíwẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ò fi ràn án. Gbogbo ajá àti ológbò inú ọgbà lẹ máa tọ́jú pọ̀, ó kéré tán oṣù mẹ́ta, àmọ́ oògùn ajá tó ní permethrin ẹ má jẹ́ kó kan ológbò, ó ń pa á.

Etí àti ìgbọ̀nwọ́ tó ń bó, tí ara sì ń yún àwọn ará ilé náà, ẹ fura sí èkúrú, àrùn awọ tí kòkòrò tíntìntín ń fà. Abẹ́rẹ́ ivermectin tí àwọn kan ń gún káàkiri láti fi pa kòkòrò yẹn láìwọn ajá, mi ò fara mọ́ ọn rárá, ó lè pa irú ajá bíi Collie.

Òróró àgbọn ńkọ́? Tiwa ni, ó ń mú awọ gbígbẹ rọ̀, àmọ́ kì í wo àlẹ́jì.

Oúnjẹ lẹ kì í fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀. Ẹ máa ń ní “ṣebí ohun tó ti ń jẹ láti kékeré nìyẹn”, bẹ́ẹ̀ ohun tó ti ń jẹ tipẹ́ gan-an ni ara ẹ̀ máa ń kọ̀, ẹran màlúù, mílíìkì, adìẹ. Ajá tiwa nílé, adìẹ ni, bẹ́ẹ̀ orí àti ẹsẹ̀ adìẹ la fi tọ́ ọ dàgbà. Ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó jinná dáadáa àti iṣu la fi dán an wò torí kò jẹ ẹlẹ́dẹ̀ rí, kò sí àlùbọ́sà níbẹ̀ torí ó ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́, kò sí Maggi. Irú oúnjẹ tí kò jẹ rí bẹ́ẹ̀ nìkan ni kẹ́ ẹ fún un fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, kí ẹnikẹ́ni má ju bisikíìtì sí i o, àtọmọdé àti àlejò. Tí ìyún bá ti lọlẹ̀, ẹ dá oúnjẹ àtijọ́ padà. Tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í họra láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, oúnjẹ àtijọ́ yẹn lara ẹ̀ kọ̀ nìyẹn. Tí kò bá yàtọ̀ rárá, ẹ kọ gbogbo ohun tó jẹ àti ibi tó ń họ sílẹ̀, kẹ́ ẹ mú un lọ fún vet tó ní ìwé ẹ̀rí, ó lè jẹ́ eruku ilé tàbí ìyẹ̀fun òdòdó lara ẹ̀ kọ̀, oògùn tó ń dín ìyún yẹn kù sì wà.